Ohun Tí Géraud Sọ Nípa Ìwé Larissa

Ní gbogbo Ifangni, bí ẹnìkan bá fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé kan dára tàbí kò dára, ọ̀dọ̀ Géraud Fáwùmí ni wọn yóò júwe fún un. Kì í ṣe pé àwọn tó ń béèrè pọ̀. Ṣùgbọ́n láràárọ̀ Sátidé, Géraud a máa jókòó síwájú gbohùngbohùn ní ilé rédíò kékeré tó wà nílùú, a sì máa fi èdè wa sọ èrò rẹ̀ nípa ìwé tó kà láàárín ọ̀sẹ̀. Ìwé Faransé ni gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbọ́ ọ kò sì ní fojú kàn wọ́n láéláé. Síbẹ̀ wọ́n ń gbọ́ ọ. Àwọn aránṣọ ń gbọ́ ọ, àwọn onízẹ́mì tó ń fi alùpùpù kó èrò lọ sí Igolo náà ń gbọ́ ọ, nítorí pé ẹnu rẹ̀ mú.

Nípa ìwé àròsọ gbọọrọ kan tó dá lórí ogun, ó ní, "Òǹkọ̀wé yìí ti pa èèyàn mẹ́rin kó tó dé ojú-ìwé ogún. Ẹ̀rù ń bà á pé a óò sùn." Nípa ìtàn kúkúrú kan tó dá lórí apẹja, ó ní, "Ó dùn létí, ṣùgbọ́n apẹja inú rẹ̀ ń ronú bí olùkọ́ filọ́sọ́fì. Mo ti rí apẹja rí. Bí ẹja bá ń bọ̀, ẹja ni wọ́n ń rò." Nípa ìwé ìfẹ́ kan, ó ní, "Ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá ni ọkùnrin náà sunkún. Mo kà á."

Flore, aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé rédíò, a máa pè é bó bá ń kọjá.

"Mùsíọ̀ Géraud! Ta lẹ tún fẹ́ nà lónìí?"

"Mo ń tọ́ wọn sọ́nà ni, Flore."

"Ẹ má nà wọ́n kú o. Ẹ ṣẹ́ díẹ̀ kù fún wa."

Ohun tí Flore kò mọ̀ ni pé Géraud náà ń kọ ìwé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ó kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ ní yunifásítì Calavi, ó wá ń kọ́ni ní kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí láìní iṣẹ́ tó fìdí múlẹ̀. Ọdún kẹfà rèé tó ti ń kọ ìwé àròsọ kan ṣoṣo. Orí kìn-ín-ní rẹ̀ ni ó ṣì wà. Ó ti kọ gbólóhùn àkọ́kọ́, ó ti pa á rẹ́, ó ti tún un kọ, títí gbólóhùn náà fi sú u.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Sadatou, obìnrin tó ń darí ètò náà ní rédíò, gbé ìwé pẹlẹbẹ kan lé e lọ́wọ́.

"Wò ó! Ọmọ Banigbé ló kọ ọ́. Larissa Ṣàngóyẹmí. Ẹ jọ wà ní Calavi, àbí?"

"A jọ wà níbẹ̀," ni Géraud dáhùn.

Àwòrán ẹ̀yìn ìwé ni ó kọ́kọ́ wò. Larissa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ bí ẹni tí ayé kò fi ohunkóhun dù. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ibi tí òǹkọ̀wé ti ń dúpẹ́, ó ń wá orúkọ ara rẹ̀. Ó rí orúkọ ìyá Larissa, ó rí ti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Cotonou, ti ológbò rẹ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Tirẹ̀ kò sí. Bẹ́ẹ̀ òun ló ń bá Larissa tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe láyé ọjọ́un! Òun ló kọ́ ọ pé kó máa gé gbólóhùn kó tó gùn jù!

Ìtàn kúkúrú mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé náà. Géraud ka àkọ́kọ́, kò lágbára, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ka èkejì, ó fi bírò fa ìlà sábẹ́ ibi méjì tí kò dára tó. Ẹ̀kẹta dára, ó bínú díẹ̀. Nígbà tó dé ìtàn kẹfà, ó gbé bírò sílẹ̀.

Àgbẹ̀ kan ni ìtàn náà dá lé. Àkọ́bí rẹ̀ kú. Gẹ́gẹ́ bí àṣà wa, òbí kì í rí sàréè ọmọ. Àwọn ẹbí ní kí bàbá náà lọ jókòó sílé àbúrò rẹ̀ títí wọn yóò fi sin ọmọ tán. Kò jókòó. Ó gbé ọkọ́, ó lọ sóko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú ẹ̀gẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, ebè kan lẹ́yìn èkejì, ó ń to igi ẹ̀gẹ́ jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tí wọ́n rán ọmọ rẹ̀ kejì wá pé iṣẹ́ ti parí, bàbá náà kò béèrè ohunkóhun. Ó ní, "Bá mi gbé àwọn igi yẹn wá." Àwọn méjèèjì tún wọn gbìn padà títí oòrùn fi wọ̀.

Géraud ni ọmọ kejì náà. Bàbá rẹ̀ ni àgbẹ̀ náà, ní Lagbé, ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, lọ́jọ́ tí wọ́n sin Mathias, ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó sọ ọ́ fún rí láyé, Larissa, lórí bẹ́ńṣì kan ní Calavi, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọn kò ní kíláàsì. Lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ ti gbìyànjú láti kọ ọ́, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Ní gbogbo ìgbà ni ọ̀rọ̀ ńláńlá ń wọ́ wọnú rẹ̀ tí ń bà á jẹ́. Larissa kọ ọ́ ní ojú-ìwé mẹ́ta. Ẹnikẹ́ni kò sunkún nínú rẹ̀.

Ìlara wọ inú Géraud bí omi ṣe ń wọ ilé alámọ̀, láti ìsàlẹ̀ wá. Ká ní ìtàn náà burú ni, ì bá dárí ji Larissa tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tó di Sátidé, ó jókòó síwájú gbohùngbohùn, ó fọwọ́ kan yin ìwé Larissa, ó fi ìkejì gbá a. Nígbà tó dé orí ìtàn kẹfà, ohùn rẹ̀ le.

"Èyí ló burú jù. Òǹkọ̀wé ní wọ́n ń sin ọmọ, bàbá ọmọ ń hú ẹ̀gẹ́ lóko. Ẹ̀yin ará, irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò sí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ lára kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Cotonou ló ti dà, ó ti gbàgbé bí a ṣe ń ṣọ̀fọ̀."

Sadatou gbójú sókè. "Ṣùgbọ́n Géraud, nílé tiwa náà, òbí kì í..."

"Sadatou, ìwé là ń sọ, kì í ṣe ilé yín."

Nígbà tó jáde, Flore kò pè é. Òun ni ó dúró fúnra rẹ̀, ó ń retí àwàdà. Flore ń ti aṣọ sábẹ́ abẹ́rẹ́, kò wojú rẹ̀.

"Nígbà tí àbúrò mi kú," ló ní, "bàbá mi fọ gbogbo ìkòkò ilé. Ìkòkò tó mọ́. Ṣé irú bàbá yẹn náà ò sí, Mùsíọ̀ Géraud?"

Géraud yí padà, ó gba ọ̀nà ilé lọ.

Lọ́jọ́ kejì ó gbọ̀nà Lagbé. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ fún un láìsọ púpọ̀. "Bàbá rẹ wà lóko. Láti àná tó ti pa rédíò ni kò ti fẹ́ jókòó sílé."

Ó bá bàbá náà lábẹ́ ọ̀pẹ, ó ń pọ́n àdá. Géraud dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá."

"Àkànní." Oríkì rẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ń pè é látìgbà tí wọ́n ti bí i. "Mo gbọ́ ọ. O ní mi ò sí."

"Bàbá, ẹ má bínú."

"Ta ló sọ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ tó kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ìwọ lo sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ìwọ náà lo tún sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀. Kí ló dé?"

Géraud wo ilẹ̀. Gbogbo ìwé tó ti kà kò yá a ní irọ́ kan tó lè gbà á. "Ó kọ ọ́ dáadáa, Bàbá. Ó dára ju ohun tí èmi lè kọ lọ."

"Ìyẹn lo ṣe pa mí rẹ́?" Bàbá náà gbé àdá sílẹ̀. "Ó dáa. Kà á fún mi."

Ìwé náà wà nínú àpò rẹ̀. Ó kà á, ó ń yí Faransé padà sí èdè wọn ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Bàbá rẹ̀ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan péré.

"Ó ní mo ti gbìn ín fún oṣù kan? Rárá o. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù ni."

Nígbà tó kà á tán, bàbá náà ní, "Àfi bí ẹni pé ọmọ yẹn dúró lẹ́yìn mi." Géraud gbọ́ ọ, ó dùn ún dé egungun. Òun ló dúró lẹ́yìn rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá náà tún ní, "Sátidé tó ń bọ̀, kà á ní rédíò bí o ṣe kà á yìí. Kí ìyá rẹ gbọ́. Kò bi mí rí ibi tí mo wà lọ́jọ́ náà, èmi náà ò sì mọ ẹnu tí mo lè fi sọ ọ́."

Ní Sátidé, Géraud kà á. Kò sọ èrò kankan. Ó fi ọjọ́ mẹ́sàn-án rọ́pò oṣù kan, ó sì jẹ́ kí ìyókù wà bí Larissa ṣe kọ ọ́. Kó tó dé ìdajì, ó gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ Flore dákẹ́ lódìkejì ọ̀nà. Láti ojú fèrèsé, ó rí onízẹ́mì méjì tí wọ́n dúró, wọ́n sì pa ẹ̀rọ alùpùpù wọn kí wọ́n lè gbọ́. Kò sí ẹni tó dúró fún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Sadatou fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Sọ ọ́ kí gbogbo ará gbọ́: ta ló kọ èyí?"

Ó wà lẹ́nu Géraud láti sọ pé, "Èmi ni mo fún un ní ìtàn náà." Òótọ́ ni ìbá sì jẹ́. Ó gbé e mì.

"Larissa Ṣàngóyẹmí, ọmọ Banigbé. Mo purọ́ mọ́ ọn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà. Bàbá mi ni."

Bó ṣe jáde, Flore ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, pẹ̀lú òwú lọ́rùn.

"Obìnrin yẹn mọ̀wé í kọ o! Ṣé kò ní ìwé mìíràn?"

"Kò tíì ní," ni Géraud dáhùn.

Ó ń bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ohun tó dùn ún jù ni pé òun náà ti ń retí òmíràn.