Màmá Eluned àti Agogo Ẹja

Bí ẹ bá fẹ́ rí àgbàlagbà tó ń ṣe bí ọmọdé, ẹ wá wo Màmá Eluned ní abúlé wa létí odò Teifi, nílùú òyìnbó níbí, nínú oṣù Kẹsàn-án. Obìnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ se oúnjẹ fáwọn ọmọ iléèwé, tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́! Ṣùgbọ́n bí ẹja sámọ́nì bá ti fẹ́ ti òkun gòkè odò wá yé ẹyin báyìí, ayọ̀ á gbà á lọ́kàn, kò ní jókòó, kò ní dúró.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ẹja, tó sì pariwo pé "Ó fò!" níbi tí omi ti ń tàkìtì lórí àpáta ni yóò sáré lọ lu agogo ẹnu ọ̀nà ilé ọtí. Ọ̀gá Odò la ó máa pè é títí di ọdún tó ń bọ̀. Màmá Eluned ò lù ú rí. Idwal, aládùúgbò rẹ̀ tó ń tún aago ṣe tẹ́lẹ̀, ló ń gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́dọọdún, yóò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ọdún á fi yípo.

Lọ́dún yìí, Nesta àbúrò Màmá Eluned pè é wá sinmi ní etíkun Borth. Nígbà tí mo lọ gbé e bọ̀, orí àpótí rẹ̀ ni mo bá a níwájú ilé, ó ti wọ kóòtù.

"Mà, ẹ ò tiẹ̀ ní jẹ́ kí n mu tíì?"

"Tíì wo? Òjò ti ń rọ̀ lórí òkè láti àná, odò á ti kún, ẹja á ti máa gòkè! Wakọ̀, jàre!"

"Òkun ńkọ́? Ṣé ẹ gbádùn ẹ̀?"

"Omi rẹpẹtẹ tí kò mọ ibi tó ń lọ! Á lọ, á tún bọ̀. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?"

Ó kọrin ìsìn ní gbogbo ojú ọ̀nà, kò sì bá ohùn kankan mu. Àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ti tò sórí wáyà, wọ́n ń palẹ̀ mọ́ láti lọ yáàrùn ní ilẹ̀ adúláwọ̀ tiwa lọ́hùn-ún. Mo ní kó wò wọ́n. Ó ní kí n tẹ mọ́tò.

Idwal ti wà létí odò lórí àga rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì elésò, bara brith, sórí itan.

"Káàbọ̀, ìyá olókun! Ṣó o bu iyanrìn bọ̀ fún mi?"

"Gbẹ́nu ẹ dákẹ́, kó o lajú."

"Ojú mi là ju tìẹ lọ. Ṣé o ò gbọ́ agogo yẹn ni? Kò tíì dún, àmọ́ orúkọ mi ló ń pè."

Omi ti pọ́n. Àkọ̀ kan dúró lórí òkúta. Ẹyẹ apẹja kékeré kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí aró, fò kọjá fìrì. Idwal tẹrí ba láti gé búrẹ́dì, àfi gbàù! Ẹja tó gùn tó apá mi jáde nínú omi, ó ń dán, ó forí sọ omi tó ń tàkìtì náà, ó sì já bọ́.

Màmá Eluned la ẹnu láti pariwo. Ẹ̀rín ni ó ń rín, ẹ̀rín tó gbà á lóhùn. Ló bá fọwọ́ méjèèjì di orí Idwal mú, ó sì yí i sí odò. Òmíràn fò.

"Ó fò o!" ni Idwal ké, ló bá sáré lọ pẹ̀lú búrẹ́dì lẹ́nu.

Inú bí mi gan-an. "Mà! Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ rí i! Kí lẹ wá yí orí ọkùnrin yẹn sí?"

"Ṣé kí n máa dá wò ó ni?"

Agogo ń dún lọ́hùn-ún. Níwájú wa, ìkẹta fò, ìkẹrin tẹ̀ lé e, méjì tún fò pọ̀. Màmá Eluned bọ́ bàtà, ó ń jó lórí koríko. Ìbínú mi kúrò níbẹ̀, mo bá a jó.

Nígbà tí Idwal fi kó èrò dé, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò sí ẹja mọ́. Àkọ̀ nìkan ló kù.

"Mélòó ló fò?" ni Idwal béèrè.

"Ta ló ráyè kà á?"

Idwal wo omi títí. "Eluned, ẹyọ kan ni mo máa ń rí. Láti gbogbo ọdún yìí wá. Kí n tó ti ìdí agogo dé, wọ́n á ti lọ."

Kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Màmá Eluned, tó ti gba àga rẹ̀ jókòó, sún fún un.

"Jókòó síbí, Ọ̀gá Odò. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹlòmíì ni kó lọ lu agogo."