Ọmọ Tí A Ò Gbọdọ̀ Jẹ́ Kó Sunkún

Nígbà tí ọmọ mi obìnrin ń lọ sí oṣù méjì, ọ̀fun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ojú rẹ̀ á là kedere, á sì máa hanrun. Bó bá wá sunkún, ìró náà á le sí i, ètè rẹ̀ á ṣú. Ẹ̀rù bà mí débi pé n kì í jẹ́ kó ké rárá. Kó tó yanu, ọmú ti wà níbẹ̀.

Màmá, ìyá ọkọ mi, ní bèlúbèlú ni, ẹran kékeré tó rọ̀ sínú ọ̀fun. Wọ́n ránṣẹ́ sí bàbá kan ní Sekọ́nà tó máa ń gé e.

"Ta ló gé ti ọkọ ẹ?" ni Màmá bi mí nígbà tí mo ní ẹ̀rù ń bà mí. "Ṣé ó kú ni?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tí bàbá náà ń bọ̀, mo pọn ọmọ, mo ní mò ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Irọ́ ni, n ò sì tọrọ àforíjì. Òṣogbo ni mo lọ.

Ọ̀dọ́ ni dókítà tó gbà wá. Kò tíì wo ọ̀fun tó fi tẹjú mọ́ àmì pupa tó yọ lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ náà, èyí tí gbogbo ilé wa ń fi ṣeré pé ọmọ yìí ń jí epo lá.

"Irú eléyìí lè wà nínú ọ̀fun náà," ló wí.

Wọ́n fún un lóògùn oorun, wọ́n ki ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníná bọ̀ ọ́ lọ́fun. Òótọ́ ni. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ló ṣùjọ tó wú síbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ọ̀nà èémí. Mo bi dókítà pé bí wọ́n bá gé bèlúbèlú rẹ̀ ńkọ́.

"Igbe tó máa ké nìkan lè pa á, ká tó sọ ti ẹ̀jẹ̀."



Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn àgbàlagbà ni wọ́n fún un, ìwọ̀nba bíńtín, pé yóò mú kí iṣan tó wú náà súnkì. Wọ́n ní kó jẹun kó tó lò ó, kó má sì sùn pẹ́ láìjẹun, kó má baà dákú. Bó bá hanrun, àyà mi á já. Bó bá dákẹ́, á já jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú bí Màmá nígbà tí a délé. Àmọ́ nígbà tí mo sọ ohun tí dókítà wí nípa igbe, wọ́n jókòó, wọ́n gba ọmọ lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, Màmá ń wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ wọ̀ ọ́ lójú, ó figbe ta. Mo sáré jáde, mo ti ń tú bọ́tìnnì mi. Màmá ń na ọmọ sí mi.

"Gbà á! Tètè fún un lọ́mú!"

Mo fetí sí i. Igbe náà mọ́, ó gùn, ọ̀fun rẹ̀ ò dún. Mo jókòó sínú omi ìwẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó ké díẹ̀ sí i."