Iṣẹ́ Ojúoró ní Ìsọlọ̀

Mo rántí ìgbà tí owó epo gba ìgboro kan, tí gbogbo ẹni tó bá ti apá Ọ̀yọ́ dé Èkó ń sọ pé ọ́fíìsì lòun máa ṣiṣẹ́. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti pinnu pé abẹ́ fáànù ni n óò jókòó sí, tí n óò máa tẹ tapuráítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò fọwọ́ kan tapuráítà rí láyé mi. Ọ̀dọ̀ àǹtí mi ni mo dé sí ní Òṣòdì, nínú yàrá kan ṣoṣo tí òun, ọkọ rẹ̀ àti ọmọ wọn ń sùn. Àràárọ̀ ni mò ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ẹnu géètì àwọn ilé iṣẹ́ tó wà ní Ìsọlọ̀. Máígádì á wo bàtà gogoro ẹsẹ̀ mi, á ní, "Kò síṣẹ́ o, sísítà."

Ọkọ àǹtí mi ò bá mi jà, àmọ́ nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ìgbà tí bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ ń gbéra. Àǹtí mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Àbúrò mi, bí oṣù yìí bá parí tí o ò ríṣẹ́, wàá padà sílé o. Yàrá yìí ò gbà wá mọ́." Ojú tì mí. Ní ilé tí wọ́n fẹ́ dá mi padà sí ọ̀hún, gbogbo àdúgbò ló ti gbọ́ pé mo ti di òyìnbó l'Ékòó.

Àǹtí mi náà ló gbọ́ pé màdáàmú kan ń wá òṣìṣẹ́ lẹ́yìn Ìsọlọ̀, níbi tí àbàtà ti kángun sí Èjìgbò. Pẹ́pẹ́yẹ ni obìnrin náà ń sìn, tó ń tà fún àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí owó epo kọ́. Ó gbẹ́ adágún omi kan, ó sì ń gbin ojúoró sí i, torí ojúoró yìí ni wọ́n ń gé wẹ́wẹ́ mọ́ èérí ògì fún àwọn pẹ́pẹ́yẹ jẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ta ló ń gbin ojúoró, ewé tó ń hù fúnra rẹ̀ lójú omi? Àmọ́ àwọn àgbà ní ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo bọ́ bàtà gogoro sílẹ̀, mo gba ibẹ̀ lọ.

Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan la jọ dé, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n sì fẹ́ gbà. Màdáàmú ta okùn, ó fi pín ojú omi náà sí méjì, ó fún kálukú wa ní apẹ̀rẹ̀. Ó ní, "Ẹ kó oúnjẹ pẹ́pẹ́yẹ fún mi, kí n wo iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Mo wọnú ẹrẹ̀, ó mù mí dé orúnkún. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí ojúoró àkọ́kọ́, ohùn ìyá mi sọ sí mi létí. Kò sí òwúrọ̀ kan nílé tí ìyá mi kì í gbé ọwọ́ lé mi lórí pé, "Ojúoró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò. Wàá lékè." Ọwọ́ mi wálẹ̀. Ṣé èmi ni n óò wá fọwọ́ ara mi hú àdúrà ìyá mi, nínú oṣù tí mo nílò rẹ̀ jù lọ? Mo wò ó títí, mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n lábẹ́nu: "Ẹ má bínú o. Àwọn àgbà yín nìkan ni mo fẹ́ mú. N ò ní fọwọ́ kan àwọn ọmọ." Èyí tó tóbi ni mò ń já kúrò lára ọmọ rẹ̀, tí mò ń dá ọmọ náà padà sójú omi jẹ́jẹ́. Ẹ má pè é lọ́gbọ́n. Ẹ̀rù ló bà mí.

Nígbà tí apẹ̀rẹ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn kún àkúnwọ́sílẹ̀, tí apá tirẹ̀ mọ́ bí àwo, tèmi ò tíì dé ìdajì. Ó wò mí, ó ní, "Sísítà, ò ń kí wọn ni àbí ò ń já wọn?" Màdáàmú pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní ká padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì wá gbọ́ èsì. Ẹkún ni mo sun dé Òṣòdì. Mo tilẹ̀ ti di ẹrù mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, díẹ̀ ló kù kí n má lọ. Àǹtí mi ló tì mí jáde. Èmi àti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn tẹ̀ lé màdáàmú dé etí omi. Ní apá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn, omi lásán ni, ọ̀pọ̀lọ́ ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ní apá tèmi, ojúoró ti bo gbogbo rẹ̀ láti ìdí okùn dé etí bèbè, ó tutù yọ̀yọ̀, èèyàn ò rí omi mọ́.

Màdáàmú yíjú sí mi. "Gbogbo ẹni tí mo ti ń gbà ló ń hú u tán, tí ebi á wá máa pa àwọn pẹ́pẹ́yẹ mi. Ta ló kọ́ ẹ pé kó o fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ìyá mi ni, mà. Ojúoró ni wọ́n fi ń ṣàdúrà fún mi. Mi ò fẹ́ hú u tán ni, mà."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí gèlè fi tú lórí rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀la ni kó o bẹ̀rẹ̀. Mú pẹ́pẹ́yẹ kan lọ sílé, kó o sọ fún wọn pé o ti ríṣẹ́."

Inú mi dùn débi pé sísáré ni mo sá dé Òṣòdì, tí pẹ́pẹ́yẹ ń pariwo lábíyá mi, tí ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi. Ọkọ àǹtí mi fúnra rẹ̀ ló tu ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ náà. Kò béèrè bọ́ọ̀sì Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ mi mọ́ láéláé.

Ilé ti bo àbàtà yẹn báyìí, ìyá mi náà sì ti lọ. Ọwọ́ tèmi ló wà lórí àwọn ọmọ-ọmọ mi láràárọ̀, tí mò ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà. Láìpẹ́ yìí, èyí tó kéré jù nínú wọn gbójú sókè, ó ní, "Màmá, kí ni ojúoró?"

Mo ní, "Òun ló gbà mí síṣẹ́."