Èbù Tí A Kó Lọ Fún Ìyá Bọ́lá

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí ojú mi rí i, tó sì dá mi sí láti ròyìn rẹ̀. Ẹ̀yin ará àti ọ̀rẹ́ mi, okun o, bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa. Ẹ fara balẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Kogi wa sílẹ̀.

Tíṣà ni mí nílùú Kàbà nígbà náà. Ilé ìwé ìjọ ni mo ti kàwé, ìjọ náà ló sì fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin. Ọ́fíìsì ìjọba ní Lọ́kọ́ja kò tíì ní àga tó tó jókòó. Ẹni tó bá lọ wá ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀, "ẹ padà wá" ló máa ń gbọ́ bọ̀.

Nígbà ọyẹ́, iná oko jó abúlé kékeré kan lọ́nà Òkè-Bùkún. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni. Àmọ́ ó jó gbogbo abà iṣu wọn. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Bùnù tí abúlé náà wà yóò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Inú abà ni iṣu tí wọ́n fẹ́ jẹ wà, ibẹ̀ náà sì ni èbù tí wọ́n fẹ́ gbìn wà. Oúnjẹ ọdún yẹn lọ, ti ọdún tó ń bọ̀ náà tẹ̀ lé e.

Àánú ò wọ́n, ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Ìjọ wa kó gàrí lọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mùsùlùmí kó gàrí lọ. Ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ní ọ́fíìsì ní Jos gbéra tọkọ̀tọkọ̀, kí lẹ rò pé wọ́n kó wá? Gàrí ni. Ọjọ́ kan náà ni gbogbo wa pàdé lábẹ́ igi máńgòrò abúlé náà, tí a ń wo ara wa. Baálẹ̀ dúpẹ́, ó dúpẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà ló rọra béèrè bóyá ẹnì kan nínú wa ní èbù.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti já lé mi léjìká. Wọ́n ní kí èmi àti Alájà Sàfúrátù, ìyàwó lèmọ́mù kan ní Kàbà, máa pe gbogbo ẹgbẹ́ jọ, kí ẹnì kan má bàa tún kó ohun tí ẹlòmíràn ti kó lọ. Alájà jù mí lọ dáadáa, aṣọ ló ń tà, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ní mítìn àkọ́kọ́, àwọn ọkùnrin ń jiyàn nípa ẹni tí yóò jẹ́ alága. Alájà wò wọ́n títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí ebi ṣe alága. Òun ló kọ́kọ́ débẹ̀." Ọ̀rọ̀ alága parí.

A pín iṣẹ́. Ìjọ àti mọ́sáláṣí yóò máa gbé oúnjẹ lọ títí iṣu tuntun yóò fi jáde. Ẹgbẹ́ tó ti Jos wá yóò ra èbù. Kánsù yóò fi ọkọ̀ gbé e, Ọ̀gbẹ́ni Olú, ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ wọn, yóò sì máa bójú tó bí wọ́n ṣe ń gbìn ín. Nígbà tí èbù dé abúlé, inú mi dùn débi pé orin ni mo ń kọ padà sílé. Mo rò pé a ti ṣe é tán.

Opó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́lá. Bọ́lá ni ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ó wà nílé ọkọ ní Sókótó. Àbúrò Ìyá ọkùnrin tó ń gbé Lọ́kọ́ja ti ránṣẹ́ sí i pé bí kò bá ti rí iṣu gbìn ní àkókò, òun yóò wá mú un kúrò lábúlé. Ìyá ò fẹ́ lọ. Ẹ̀yìn ilé ni ibojì ọkọ rẹ̀ wà. Ó sọ fún mi pé, "Tíṣà, tí mo bá lọ sí Lọ́kọ́ja, ta ni yóò máa kí Bàbá Bọ́lá káàárọ̀?" Ó ní gbogbo àárọ̀ lòun máa ń lọ sọ fún un bí oko ṣe rí. Ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin náà ti wá rí i. Tí èbù yẹn bá wọlẹ̀, Ìyá yóò jókòó sílé rẹ̀. Tí kò bá wọlẹ̀, ó di Lọ́kọ́ja.

Nígbà tó ṣe díẹ̀, mo lọ wò ó bóyá ó ti gbìn ín. Mo kí i, ó bu omi fún mi. N kò tíì mu omi tán tí mo ti ń gbọ́ ìró odó lẹ́yìn ilé. Iyán dé, ó gbóná, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sì tẹ̀ lé e. Ṣé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa sọ bí iyán ilẹ̀ wa ṣe rí fún yín? Mo jẹ ẹ́, mo sì lá ọwọ́.

Ìgbà tí mo lọ ṣan ọwọ́ lẹ́yìn ilé ni mo rí agbọ̀n tí a fi kó èbù fún un. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló to àwọn orí iṣu kéékèèké sí, ó gé wọn dáadáa, ó fi eérú pa wọ́n lójú. Orí nìkan ló kù.

Mo ní, "Ìyá, èbù yòókù ńkọ́? Ṣé ẹ ti gbìn wọ́n ni?"

Ó wo abọ́ tó wà lọ́wọ́ mi. "Tíṣà, ṣé iyán yẹn ò dùn ni?"

"Ó dùn, Ìyá."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ó wá là á yé mi pẹ̀lẹ́tù, bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Àwọn ará ìjọ wa wá wo èbù. Àwọn ti mọ́sáláṣí wá ní ọjọ́ tiwọn. Àwọn ará Jos wá ya fọ́tò, àwọn àti dírẹ́bà wọn. Ọ̀gbẹ́ni Olú àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ náà wá. Gbogbo wọn ló jẹ iyán kí wọ́n tó lọ. Iná ti jó iṣu rẹ̀. Kí ló kù tó fẹ́ gún?

Mo ní ṣebí gàrí wà nílẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí mi.

"Gàrí tí ẹ fi ta wá lọ́rẹ, kí n tún bù ú padà fún yín? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Kàbà wá? Ẹ rọra sọ̀rọ̀ o, Bàbá Bọ́lá ń gbọ́ níbẹ̀ yẹn."

Ilé yòókù lábúlé náà, bákan náà ni. Ẹ bá mi rò ó. Àwa tí à ń wá wò ó bóyá èbù ti wọlẹ̀, àwa náà la wà nídìí rẹ̀ tí à ń jẹ ẹ́. Ta ni mo fẹ́ bá wí?

Mo gba ọ̀dọ̀ Alájà lọ tààrà. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní, "Nígbà tí èmi lọ, èmi ni mo ní kí wọ́n tún bu iyán sí i fún mi." A jọ sunkún díẹ̀.

A pe mítìn. Ọ̀gbẹ́ni Olú ní kí á kọ lẹ́tà sí abúlé náà pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dáná fún àlejò mọ́.

Alájà bi í pé, "Ta ni yóò lọ kà á fún wọn tí wọn ò ní gún iyán fún un?"

Ọ̀gbẹ́ni Olú alára rẹ́rìn-ín. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti Jos wá ní àwọn tó ń dáwó fún ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ rí oko náà, òun ò lè ṣe kóun má lọ. Òótọ́ ló sọ. Gbogbo wa tẹrí ba, mo gbàdúrà, Alájà ṣe àmín, òun náà ṣe dùáà, a ṣe àmín.

Alájà gbójú sókè, ó ní, "Tí Bọ́lá bá ti Sókótó dé, ṣé pálọ̀ ló máa ń jókòó sí, kí ìyá rẹ̀ máa gún iyán fún un?"

Mo ní rárá, ilé ìdáná ni yóò gbà wọlé, tòun ti ẹrù tó kó wá.

"Ìwọ, ìyá tìrẹ dà?"

"Alájà, ẹ mọ̀ pé wọ́n ti kú."

"Mo mọ̀. Lọ dáná fún èyí tó kù."

Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Kò sí àbẹ̀wò lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan gba ọmọ kan láàárín wa, ọmọ náà yóò sì máa gbé oúnjẹ wá bí ọmọ ṣe ń gbé e wá fún ìyá rẹ̀. Àwọn ará ìjọ àti àwọn ará mọ́sáláṣí lọ mú èbù nínú abà tiwọn kún èyí tí ẹgbẹ́ Jos tún rà.

Mo gba ẹ̀yìn wọ ilé Ìyá Bọ́lá, iṣu lórí mi. Mo sọ̀ ọ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í koná. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tíṣà, kí lẹ̀ ń ṣe? Ẹ bọ́ sí pálọ̀, ẹ jókòó."

Mo ní, "Ìyá, n kò bá ti àlejò wá. Ó ti pẹ́ tí mo ti dáná fún ìyá mi kẹ́yìn."

Ó ń wo iná náà. Nígbà tó yá, ó fa àpótí wá, ó jókòó tì mí. "Ata yẹn ò tíì kúná," ó ní. "Tún un lọ̀."

Kò tún pè mí ní Tíṣà mọ́ láti ọjọ́ náà.

Lọ́jọ́ tí a yàn, gbogbo ẹgbẹ́ dé lẹ́ẹ̀kan náà, oúnjẹ wa lọ́wọ́ wa, ọkọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkùnrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin Jos náà kọ ebè títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Èbù wọlẹ̀.

Iṣu ti hù nígbà tí àbúrò Ìyá gbé ọkọ̀ wá láti Lọ́kọ́ja láti wá mú un. Ìyá kí i, ó bu omi fún un, ó sì fi àdá lé e lọ́wọ́ pé kó lọ gé igi wá, iṣu òun ń fẹ́ ọ̀pá.

Ohun tí mo kọ́ ni pé ìfẹ́ inú wa nìkan kò tó. Ó yẹ kí àwa tí à ń ṣèrànwọ́ gbọ́ ohùn ara wa, kí á sì mọ ohun tí dídé wa ń ná ẹni tí à ń ràn lọ́wọ́. Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ sọ ọ́ fún mi, mo fẹ́ gbọ́.

Ìwọ tí o kà á dé ìhín, kí Ọlọ́run má jẹ́ kí abà rẹ ṣófo. Kí ó fún ọ ní ilé tí wàá máa gba ẹ̀yìn wọ̀. Àmín.