Ọjọ́ Tí Omi Tú Àṣírí Ọ̀gá Ìjọba

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ bá omi ńlá yìí níbí, ẹ lè rò pé ó ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Rárá. Àwọn alágbádá ṣì wà lórí oyè, sójà ò tíì padà dé, nígbà tí odò tí ìjọba sé kún, tó ya wọ àárín abà méjì: Abà Irúgbá tiwa níhìn-ín, Abà Olókùúta lọ́hùn-ún.

Ilẹ̀ ọ̀dàn ni tiwa. Odò tí ọmọdé ń fẹsẹ̀ là kọjá la mọ̀. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dúró létí omi yẹn, orí mi wú, mo dákẹ́. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé èmi kì í dákẹ́. Mi ò kàwé títí, ṣùgbọ́n láti Tẹ̀dé dé Ṣakí, kò sí àgbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ ń lé ẹyẹ lóko bàbà bíi tèmi. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi mí ṣe alága ẹgbẹ́ àgbẹ̀.

Ìjọba ní àwọn fẹ́ tún gbogbo etí omi náà ṣe, kí àwọn gbin igi padà, kí àwọn kọ́ ilé fún àwọn àlejò tó máa ń rìnrìn àjò afẹ́. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ fi ọgbà onírin yí etí omi po, wọn ò sì fi ẹnikẹ́ni nínú wa sínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí ètò náà. Níbo la ó ti pọnmi? Kí la ó fi bomi rin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn? Abà méjèèjì panu pọ̀ pé a ò gbà, àfi tí àga tiwa bá wà níbẹ̀.

Ọ̀gá kan tó ti Ìbàdàn wá bá wa létí omi, ó ní àwọn ará Olókùúta ti tẹ̀ka sí ìwé pé àwọn gbà, àwa nìkan la kù. Inú bí mi. Lẹ́yìn tó lọ, mo bú wọn láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, mo ní Bàbá Jímọ̀, olórí wọn, ọ̀dàlẹ̀ ni. Àwọn kan nínú wa ní kí àwa náà yáa tẹ̀ka. Ìyá Ràfátù, olórí àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́, ló ní ká jẹ́ kílẹ̀ mọ́ ná.

"Ọ̀rọ̀ tó bá ń kánjú báyìí, Bàbá Síkírù, irọ́ ló ń sá fún ojúmọ́."

Ní òwúrọ̀, atẹ́gùn ò fẹ́, omi tẹ́ pẹrẹsẹ. A rí mọ́tò ọ̀gá náà lódìkejì, ó kéré bíi kòkòrò. Ìyá Ràfátù gbọ́wọ́ sókè pé ká dákẹ́. Ohùn kan ń bọ̀ lórí omi, ó mọ́ gaara bí ẹni pé onítọ̀hún jókòó tì wá.

"Bàbá, ẹ tẹ̀ka jàre. Àwọn Irúgbá ti gbà lánàá, ẹ̀yin nìkan lẹ kù."

Àwa ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ, ta ló mọ̀ pé omi ń gbóhùn? Mo dìde, mo ké pẹ̀lú gbogbo agbára mi pé irọ́ ni, a ò tẹ̀ka. A rí i tí àwọn èèyàn tíntìntín yẹn yíjú sí wa lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn Bàbá Jímọ̀ dé, kò tilẹ̀ pariwo.

"A mọ̀, Bàbá Síkírù. Èébú tí ẹ bú wa lánàá la fi mọ̀ pé ẹ ò tíì tẹ̀ka. Àwa náà ò tẹ̀ka. Ẹ yéé lé wa bí ẹyẹ."

Ẹ̀rín sọ lọ́hùn-ún, ó sọ níbí. Ẹ wá rí i pé èébú ẹnu mi ló gba abà méjì sílẹ̀. Ilé tí a bá fitọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Lọ́jọ́ náà gan-an, abà méjèèjì fẹsẹ̀ yí omi po, a pàdé níbi tí wọ́n kó irin ọgbà sí, a sì jókòó lé e lórí. Mùsùlùmí kírun níbẹ̀, Kìrìsìtẹ́nì kọrin níbẹ̀, a ò dìde títí ìjọba fi fún abà kọ̀ọ̀kan ní àga nínú ìgbìmọ̀.

Èrè tí a jẹ nìyẹn, àti ọ̀nà omi tí ẹnikẹ́ni ò dí mọ́ wa títí dòní. A pàdánù náà: sójà dé, ètò náà dáwọ́ dúró, ewúrẹ́ ló ń sùn sórí ìpìlẹ̀ ilé àlejò. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣèlérí ọkọ̀ ojú omi kan fún wa nínú ìgbìmọ̀ yẹn, létí èmi gan-an, a ò sì tíì rí i. Àwọn ọmọ yín ṣì ń fẹsẹ̀ yí omi po lọ síléèwé tí wọ́n ń wò ní ọ̀kánkán lódìkejì. Èmi ja tèmi. Ìjà ọkọ̀ yẹn, tiyín ni.