Ààlè Tó Wà Lára Àwọn Ìtì Mi

Ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, kí n tó mọ̀ pé owó ń bẹ nínú rẹ̀. Oko ọ̀pẹ kan lẹ́yìn ìlú Pobè ni, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, ìyá mi sì rán mi lọ ṣa imọ̀ gbígbẹ tí a ó fi dáná. Ó rẹ̀ mí, mo jókòó, mo fara ti ìtì ọ̀pẹ kan tí adẹ́mu ti bì lulẹ̀, tó ti dá ẹmu rẹ̀ tán, tó sì fi sílẹ̀ kó máa jẹrà. Bí etí mi ṣe kan ara rẹ̀ ni mo gbọ́ ọ: rùmù-rùmù, rùmù-rùmù, bí ìgbà tí ogún ewúrẹ́ ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Mo fò sókè. Èrò mi àkọ́kọ́ ni pé ọ̀pẹ náà ń sọ̀rọ̀ mi láìdáa. Nígbà tó ṣe, mo tún fi etí lé e, mo sì wà níbẹ̀ títí ìyá mi fi rán ènìyàn wá wò bóyá ejò ti bù mí jẹ.

Ìtun ló ń jẹun níbẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ìtun, kó fọkàn ya ìdin kan tó sanra bí àtàǹpàkò àgbàlagbà, tó funfun bí wàrà, tí kò lẹ́sẹ̀, tí orí rẹ̀ le, tó sì pọ́n bí awẹ́ obì. Kòkòrò dúdú kan onímú gígùn ló ń bí i. Òórùn ẹmu tó ń kan ló ń pè é wá, ojú ibi tí àdá adẹ́mu ti ṣá ọ̀pẹ ló sì ń yé ẹyin sí. Bí o bá gún ìtun mọ́ igi imọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí o rọra ń yí i lórí ẹ̀yinná, má da òróró sí i, nítorí òróró ara rẹ̀ tó o. Iyọ̀ díẹ̀, ata gígún díẹ̀, ó parí. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní gáà, ibùdókọ̀ Pobè, lọ sí Sakété àti Porto-Novo kì í rí i kí wọ́n má na ọwọ́ jáde láti ojú fèrèsé. Kò sí ẹni tó kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Etí mi ló kọ́ mi. Mo wá mọ̀ pé ìtun kékeré a máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń da iyanrìn sórí ewé, pé èyí tó ti gbó ló ń dún rùmù-rùmù. Bí ìtì bá dákẹ́, má yọ̀: ìtun ti ń fi okùn ara ọ̀pẹ hun ilé yí ara rẹ̀ ká nìyẹn, kò ní pẹ́ hu ìyẹ́, kò sì sí ẹni tó ń ra ìyẹ́ jẹ. Mo tilẹ̀ máa ń sọ iye tó wà nínú ìtì kí n tó là á. Mo máa ń ṣì í, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí n má sọ ọ́.

Ohun tí mo fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe kò farasin. Ọdún òmìnira ń bọ̀. A ti di orílẹ̀-èdè fúnra wa, wọ́n sì ní kí àwa ọmọ lékọ́ọ̀lù tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ kọjá níwájú kọmáńdà àti àwọn aláṣẹ yòókù. Mẹ́tìrì tó ń kọ́ wa, ọkùnrin kan tí kì í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ iṣẹ́, ti kéde pé ẹni tí kò bá ní bàtà kánfáàsì funfun kò ní tò. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, mo ga ju gbogbo ọmọbìnrin kíláàsì wa lọ, mo sì ti fi í sọ́kàn pé èmi ni wọn yóò gbé àsíá fún. Ìyá mi ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun tó ti Porto-Novo wá, níbi tí wọn kì í ti wọ bàtà. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀, ó wò mí títí.

“A ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé tọ Ọlọ́run lọ, ìwọ fẹ́ wọ tìẹ fún kọmáńdà?”

“Ìyá, mẹ́tìrì ló ní bẹ́ẹ̀.”

“Kí mẹ́tìrì rà á nígbà náà.”

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìtun ni yóò ra bàtà mi.

Adẹ́mu tó ni àwọn ìtì náà jẹ́ ará Ọ̀họ̀rí, àgbà ọkùnrin kan tó ń se sódábì létí odò. Àdéhùn wa kò le. Èmi ń pọnmi sínú àgbá tí páìpù rẹ̀ gbà kọjá, kí ooru tó ń jáde lára ẹmu lè tutù kó di ọtí. Òun náà ń fi ìtì tó bá ti dá ẹmu rẹ̀ tán sílẹ̀ fún mi. Mẹ́fà ni tèmi ní àkókò òjò ọdún yẹn. Elétí Ọ̀pẹ ló ń pè mí.

“Elétí Ọ̀pẹ, kí ni wọ́n sọ lónìí?”

“Wọ́n ní kí ẹ má fi omi lu ọtí mọ́, Bàbá.”

A ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ yóò fi mú un.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo dé ìdí ìtì àkọ́kọ́ tí mo bá a ní lílà gbaragada, òfìfo. Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ti la ìkejì. Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Èmi tí kì í ṣe àgbà gbé gbogbo ìgò oògùn náà mu lẹ́ẹ̀kan náà. Mo fura sí ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáà, nítorí ó ra ṣòkòtò tuntun. Mo fura sí ìyá mi, nítorí mo rí òróró létè rẹ̀ lọ́jọ́ tí a jẹ ẹ̀wà tí kò ní epo. Ṣùgbọ́n ta ló mọ gbogbo ibi tí ìtì mi wà, bí kò ṣe adẹ́mu? Mo kúnlẹ̀, mo yẹ ojú ibi tí àáké ti wọlé wò. Àáké adẹ́mu ti kán lójú níbì kan, ibikíbi tó bá gé a máa ní ilà kan tó yọ sókè láàárín. Ojú ìtì yìí dán, kò ní ilà kankan. Ẹni tó gbọ́n ì bá ti dá bàbá náà láre. Èmi ní ó ti lọ yá àáké ẹlòmíràn kí n má baà mọ̀, àti pé dídán tí ibẹ̀ dán gan-an ni ẹ̀rí pé ó jẹ̀bi.

Nígbà tí mo gbé omi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan.

“Bàbá, ẹnìkan ń la àwọn ìtì yẹn kí n tó dé ibẹ̀ o.”

“Hùn,” ni ó wí. Ó ń fẹ́ iná, kò gbójú sókè.

Hùn kan ṣoṣo. Mo gbé hùn náà délé, mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, kò sí ibi tí mo gbé e kà tí kò rùn.

Nígbà tí mo padà lọ sóko, ààlè ti wà lára ìtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó kù. Àfọ́kù ìkòkò ni, àti ìgbálẹ̀ tó ti gbó, àti ṣùkù àgbàdo, tí wọ́n so pọ̀ mọ́ okùn kan. Kò sí ọmọ Pobè tí kò mọ ohun tó ń wí. Ẹni tó bá fọwọ́ kan ohun tí wọ́n so ó mọ́, kí ayé rẹ̀ fọ́ bí ìkòkò, kí wọ́n gbá a dànù bí ààtàn, kó ṣófo bí ṣùkù. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi. Mo ní hùn ọjọ́sí ló di ààlè yìí: adẹ́mu ti gba ìtì rẹ̀ padà, kò sì lójú láti sọ ọ́ fún mi. Ẹni tó mọ àṣà wa yóò mọ ìdí tí n kò fi lọ bi í léèrè. Ẹni tó so ààlè kì í kéde rẹ̀, kí olè má baà wá ẹ̀rọ̀ sí i. Ẹni tó rí i kì í sì í bèèrè ẹni tó so ó, nítorí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kò ní ohun tó ń wá lọ síbẹ̀. Ìbéèrè gan-an ti di ìjẹ́wọ́.

Ìyá mi nìkan ni mo lè sọ fún.

“Àwa tí a ti wọ aṣọ funfun, ààlè kò rí wa gbé ṣe,” ni ó wí, ó sì da orin bolẹ̀.

“Ṣé ẹ ó bá mi lọ tú u nígbà náà?”

Orin dúró. “Ta ló sọ̀rọ̀ títú? O ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án o! Ọlọ́run ń bẹ, ṣùgbọ́n ìkòkò náà ń bẹ níbẹ̀.”

N kò pọnmi fún adẹ́mu mọ́. Bí a bá pàdé lọ́nà, mo ń kí i láìdúró, òun náà ń dá mi lóhùn ní ìdajì ẹnu, mo sì ń ka ìdajì ẹnu náà mọ́ ẹ̀rí tí mo ní. Ṣùgbọ́n etí mi kò gbà kí n jókòó sílé. Mo gé ọparun gígùn kan, mo fi orí rẹ̀ kan kan ara ìtì, mo fi ìkejì sí etí. Nínú ọgbọ́n mi, èmi kọ́ ni mo fọwọ́ kàn án, ọparun ni. Bí ayé ẹnikẹ́ni yóò bá fọ́, kó jẹ́ ti ọparun. Ohùn náà gba inú rẹ̀ wá ketekete. Ní ìbẹ̀rẹ̀, rùmù-rùmù ni, ó kún, ó dùn. Nígbà tó yá, ó di rùmù kan, ìdákẹ́, rùmù kan. Àwọn ìtun ti ń hunlé. Ayẹyẹ ti súnmọ́lé, bàtà mi sì ń hu ìyẹ́ lójú mi.

Ọ̀la ni ọdún òmìnira nígbà tí adẹ́mu yọ sí mi lẹ́yìn, ibi tí mo dùbúlẹ̀ sí pẹ̀lú ọparun létí. Òun fúnra rẹ̀ ló ru garawa omi.

“Elétí Ọ̀pẹ, kí lò ń ṣe níbẹ̀?”

“Mi ò fọwọ́ kàn án, Bàbá!”

“Mo rí i. Kí ló dé tí o kò fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ tìrẹ?”

“Tèmi? Ta ló wá so ààlè mọ́ ọn?”

“Èmi ni. Ìwọ lo ní ẹnìkan ń là wọ́n. Mo ní hùn. Mo wá so ó nítorí olè.”

“Ẹ ò sọ fún mi.”

“Wọ́n ń sọ ààlè ni? Ṣé kí n máa lu agogo kiri Pobè?” Ó gbé garawa kalẹ̀, ó nu ọrùn. “Èmi rò pé o ti rí adẹ́mu mìíràn ni. Ará Yoko kan ti wà tí mo ń fura sí.”

Ó tú ààlè náà fúnra rẹ̀, nítorí ẹni tó so ó ló lè tú u, a sì mú àáké. Ìtì mẹ́ta ti tán. Ilé òfìfo ló wà nínú wọn, àti ihò, àti àwọn kòkòrò dúdú onímú gígùn tí wọ́n ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti san owó ilé. Olè ti bẹ̀rù ààlè, èmi náà bẹ̀rù rẹ̀, ìtun nìkan ni kò bẹ̀rù. Ìkẹrin, èyí tó bì lulẹ̀ gbẹ̀yìn, ṣì ń jẹun. Mo ní ọgọ́rin. Méjìlélọ́gọ́ta la bá níbẹ̀. Adẹ́mu wo ojú mi, kò rẹ́rìn-ín. Ìtun ti wà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rà á kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, bàtà sì di ẹ̀yìn ọdún.

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń tò, èmi gbé ìkòkò iná kalẹ̀ létí ọ̀nà. Ọmọbìnrin kan tí kò ga dé èjìká mi ni wọ́n gbé àsíá fún, etí àsíá náà sì ń gbálẹ̀. Mo fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn kò fún mi láyè. Gbogbo Pobè ló jáde, ebi ń pa wọ́n, òórùn ìtun sì ń lọ bá wọn níbi tí wọ́n dúró sí. Mẹ́tìrì alára ra igi mẹ́ta, ó ní kí n fi ata sí i dáadáa, kò sì bi mí léèrè bàtà. Ìtun ti tán kí kíláàsì tó kẹ́yìn tó kọjá. Ní ọjọ́ ọjà Sakété tó tẹ̀lé e, mo ra bàtà kánfáàsì funfun. Oko ni mo wọ̀ ọ́ lọ, níbi tí mo ti ń pọnmi fún adẹ́mu, kò sì pẹ́ tó fi di àwọ̀ amọ̀.

Títí di òní n kò mọ ẹni tó la ìtì méjì àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń lẹ táyà ti di bàbá àgbà. A ń kí ara wa dáadáa, mo sì ń wo ṣòkòtò rẹ̀. Ìfura kì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Pàǹsá ò fura, pàǹsá já síná, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé ẹni tó fura jù náà lè jókòó ti oúnjẹ rẹ̀ títí oúnjẹ yóò fi hu ìyẹ́ fò lọ. Ẹ̀yìnkùlé mi ni mo ti ń sin ìtun báyìí, nínú ike onídèérí, pẹ̀lú ọ̀pẹ gígé àti èérí gàrí. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ní owó tara wọn ń gun alùpùpù wá kọ́ ọ lọ́dọ̀ mi. Ẹnu ni mo fi ń bá wọn pín in, gbangba: ike yìí tìrẹ, tọ̀hún tèmi. Síbẹ̀ mo ń yẹ ìdérí wò lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi etí lé ike tó tóbi jù. Mo ní ogóje ló wà níbẹ̀. Ọmọ ọmọ mi dà á sórí ẹní, ó kà á, ó ní mẹ́tàlélógóje ni. N kò gbà á gbọ́. Ó yára kà jù. Mo tún un kà fúnra mi, lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́tàlélógóje ni.