Ẹ̀jẹ́ Abọ́lá àti Láísẹ́ńsì Ọkọ̀ Búrẹ́dì

Mo ti ń ya fọ́tò ní Ìyànà Ìbà láti ìgbà tí ẹ̀gbẹ́ títì ibẹ̀ ṣì jẹ́ koríko, tí ejò ń sùn níbi tí wọ́n ti ń ta rédíò lónìí. Kò sí ojú tó níláárí láti Ọ̀jọ́ títí dé Okokomaiko tí kò tíì jókòó sórí àpótí mi rí. N kò lọ sílé ìwé. Ara páálí tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ń kó wọ Alábà ni mo ti kọ́ ìwé kíkà, ìdí nìyẹn tí n kò fi ka ìwé ní ìdojúdé rí, nítorí páálí fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún ènìyàn apá tó yẹ kó wà lókè. Síbẹ̀, nínú gbogbo àwọn tí mo ti yà, bí ọmọ mi bá bi mí pé ta ni à ń pè ní ọkùnrin, Abọ́lá Májẹ́kódùnmí, awakọ̀ búrẹ́dì, ni màá kọ́kọ́ dárúkọ.

Ọmọ Ìlaró ni. Ó ga, ó tín-ín-rín, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ Àlàájà Mùsítúrà ló ń wà, obìnrin Ìjẹ̀bú-Igbó tó ni békìrì ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ wa. Ní ìdájí, Abọ́lá á ti kó búrẹ́dì gbígbóná sẹ́yìn ọkọ̀, á wà á lọ sínú bárékè àwọn sójà ní Ọ̀jọ́, níbi tí àwọn ìyàwó sójà ti ń dúró dè é. Ẹ wò ó, bí ẹ bá gbé ife tíì tó kún dẹ́múdẹ́mú sẹ́yìn ọkọ̀ tí Abọ́lá ń wà, kò ní dà. Ojú mi ló ṣe. Tíì náà kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun ti kúrò ní Ìyànà Ìbà.

Òun àti Rónkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan ní Okokomaiko. Ẹ mọ òfin wọn: ẹni tó bá ti wọ sùtánà kò gbọdọ̀ wọ bàtà, ìbáà jẹ́ orí ẹ̀gún ló fẹ́ gbà. Rónkẹ́ ti lóyún rí, kò dúró. Ó tún lóyún, kò dúró. Nígbà tí òmíràn tún wọlé, Abọ́lá dìde nínú ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, ó bọ́ síwájú pẹpẹ, ó ní sùtánà kò ní kúrò lọ́rùn òun bí òun bá ti jáde nílé, bàtà kò sì ní kan ẹsẹ̀ òun, títí Rónkẹ́ á fi bímọ. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Wòlíì Ẹ̀hìndé tó ń ṣọ́ ìjọ náà sọ fún mi pé ẹnu ya òun, nítorí nígbà tó dìde, àbẹ́là lòun rò pé ó fẹ́ jẹ́jẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bó ṣe di pé awakọ̀ búrẹ́dì ń wakọ̀ kiri nínú aṣọ funfun báláú nìyẹn, láìwọ bàtà. Àwọn ọmọ sójà sọ ọ́ ní Wòlíì Búrẹ́dì. Kò bínú.

Oyún náà ti yọ dáadáa nígbà tí ọ̀rọ̀ láísẹ́ńsì dé. Ọdún 1987 ni. Sájẹ́ńtì Táyọ̀, tó ń ṣọ́ géètì bárékè, dá a dúró láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Wòlíì, ẹ mú ìwé yín wá." Ó ṣí i wò, ó mi orí. "Láísẹ́ńsì yín ti kú."

"Ó kú?"

"Ó kú, wọ́n ti sin ín, wọ́n ti jẹ sàráà rẹ̀. Ọ̀gá wa tuntun ní láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, awakọ̀ tí láísẹ́ńsì rẹ̀ bá ti kọjá ọjọ́ kò gbọdọ̀ wọlé. Tèmi kọ́ o. Èmi náà fẹ́ jẹ búrẹ́dì."

Abọ́lá lọ sọ fún Àlàájà. Àlàájà kì í ṣe ìkà, ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. "Abọ́lá," ó ní, "búrẹ́dì kì í dúró de ènìyàn. Ẹni tó bá ní láísẹ́ńsì lọ́jọ́ Ajé ló máa di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí kì í bá ṣe ìwọ, Akínwándé ni. Má bínú sí mi." Akínwándé yìí, awakọ̀ tí kò ní ọkọ̀ lọ́wọ́, wà níbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń jẹ búrẹ́dì tó jóná létí. Ó wolẹ̀.

Mo ya fọ́tò Abọ́lá, mo sì tẹ̀lé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ńsì, nítorí mo mọ̀ pé bí wọ́n bá rí irú mi lẹ́yìn ènìyàn, wọn kì í fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣeré. Wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ tún wakọ̀ fún wọn wò lórí pápá. Kò sí wàhálà nínú ìyẹn. Ọ̀gá tó ń dán àwọn awakọ̀ wò, Ọ̀gbẹ́ni Ọláídé, jáde pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó wo Abọ́lá láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì dúró sí ìsàlẹ̀.

"Bàtà yín ńkọ́?"

"N kì í wọ̀ ọ́, sà. Mo wà lẹ́nu ẹ̀jẹ́."

"Aṣọ kò kàn mí. Ẹ lè wọ àpò gàrí. Ẹsẹ̀ ló kàn mí. Ẹni tí kò wọ bàtà kò ní wakọ̀ lórí pápá yìí."

"Sà, ẹsẹ̀ yìí náà ni mo fi ń wakọ̀ lọ sí bárékè lójoojúmọ́."

"Ẹ má sọ ọ́ sí mi létí. Bí mo bá gbọ́ ọ, ó di dandan kí n ṣe nǹkan sí i. Ẹ lọ wọ bàtà, kí ẹ padà wá."

Mo dá sí i. Mo da gẹ̀ẹ́sì bò ó, gẹ̀ẹ́sì tó le débi pé àwọn akọ̀wé yọjú lójú fèrèsé. Ọ̀gbẹ́ni Ọláídé fara balẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán. "Bàbá," ó ní, "ẹ ṣeun. Bàtà."

Nígbà tí a jáde, ọkùnrin kan tó máa ń jókòó sábẹ́ igi lódìkejì ọ̀nà pè wá. "Ẹ̀gbọ́n, ta ló rán yín dé ọ̀dọ̀ wọn? Ẹ fi fọ́tò sílẹ̀ fún mi, kí ẹ lọ sùn. Láísẹ́ńsì á bá yín nílé. Ẹsẹ̀ yín kò ní kan pápá rárá, ká tó wá sọ ti bàtà."

Abọ́lá bi í pé, "Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo wakọ̀, mo yege?"

"Gbangba."

"N kò sì wà á."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé láísẹ́ńsì lẹ wá gbà ni, àbí ìwàásù lẹ wá ṣe?"

"Ọmọ ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run," ni Abọ́lá wí. "Báwo ni mo ṣe máa na ọwọ́ kan sí i, kí n máa fi ọwọ́ kejì parọ́?"

Mo fẹ́ sọ fún un pé Ọlọ́run kò dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe láísẹ́ńsì, ṣùgbọ́n mo wo ojú rẹ̀, mo gbé ẹnu mi dákẹ́. Ẹ bi àwọn tó mọ̀ mí: kì í rọrùn fún mi.

Nílé, Rónkẹ́ ti gbé bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ti fi ìpara dán an. "Bọ̀ọ̀dá Abọ́lá, ẹ wọ̀ ọ́," ó ní. "Ẹ wọ̀ ọ́ débẹ̀, kí ẹ bọ́ ọ padà. Inú mi ni ọmọ wà, kò sí nínú bàtà yín."

"Mo mọ̀."

"Bí ẹ bá mọ̀, kí la máa jẹ tí ọkọ̀ bá bọ́ lọ́wọ́ yín?"

Abọ́lá jáde. Ó lọ bá Wòlíì Ẹ̀hìndé. Wòlíì gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó ní àánú Ọlọ́run kò kéré tó bàtà, pé òun tú u sílẹ̀ fún wákàtí kan. Abọ́lá dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Kì í ṣe ẹ̀yin ni mo jẹ́jẹ̀ẹ́ fún." Wòlíì sọ fún mi pé láti ọjọ́ náà ni òun ti ń bẹ̀rù rẹ̀.

Lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn, kó tó di pé ẹnikẹ́ni bèèrè, Abọ́lá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ fún Àlàájà. Àlàájà gbà á.

"Àlàájà, ọkọ̀ ti di ti Akínwándé. Ṣùgbọ́n Akínwándé máa kó ti Alábà, ó máa kó ti Okokomaiko. Kó tó débi bárékè, ilẹ̀ á ti mọ́, àwọn ìyàwó sójà á ti ra ti ẹlòmíràn. Ẹ fún mi ní ti bárékè."

"Kí lo máa fi gbé e?"

"Ọmọlanke."

Àlàájà rẹ́rìn-ín títí ìborùn fi já bọ́ lórí rẹ̀. "Láti ìhín dé Ọ̀jọ́? Pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán?"

"Ọmọlanke kì í gba láísẹ́ńsì, mà."

Ọjọ́ Ajé mọ́, Wòlíì Búrẹ́dì yọ sí géètì bárékè nínú aṣọ funfun, ó ń ti ọmọlanke, búrẹ́dì ga lórí rẹ̀ bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fi tapólì bò ó. Sájẹ́ńtì Táyọ̀ yí ọmọlanke náà po. Ó wo táyà. Ó wo abẹ́ rẹ̀. Ó wọlé lọ bi ẹni tó jù ú lọ léèrè, onítọ̀hún náà lọ bi ẹlòmíràn. Wọ́n ṣí ìwé òfin bárékè láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, wọn kò rí ibi tó ti sọ̀rọ̀ ọmọlanke.

"Wòlíì," ni Sájẹ́ńtì wí nígbà tó padà, "ẹ ti ṣe wá. Ẹ máa wọlé."

Báyìí ló ṣe ń ṣe é, lójoojúmọ́. Ẹni tó bá mọ títì márosẹ̀ náà mọ ohun tí mo ń sọ. Òjò pa á. Bí oòrùn bá mú un lójú ọ̀nà àbọ̀, ọ̀dà títì á rọ̀ bí ògì, á máa lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn débi pé ó tẹ ìṣó lójú mi lọ́jọ́ kan, ìṣó ló tẹ̀. Àwọn onímọ́tò ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Wòlíì, gíà wo lẹ wà?" Á dá wọn lóhùn pé, "Gíà kìíní ni, ẹ máa lọ, mò ń bọ̀." Rónkẹ́ kò sọ̀rọ̀ bàtà mọ́. Omi gbígbóná oníyọ̀ ló ń gbé kalẹ̀ dè é, òun tó jẹ́ pé bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ńlá fún un.

Títí Rónkẹ́ fi bímọ. Obìnrin ni, ó sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìyànà Ìbà, Okokomaiko ni wọ́n sì ti bí i. Ọmọ́yẹlé ni wọ́n sọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bí i, Abọ́lá bọ́ sùtánà, ó wọ ṣòkòtò, ó mú bàtà. Bàtà kò wọlé. Ẹsẹ̀ ti gbòòrò, ó ti di ẹsẹ̀ ẹlòmíràn. Ó wọ tèmi, kò wọlé. Ó wọ ti Wòlíì, kò wọlé. Ìgbẹ̀yìn, a fi ọ̀bẹ la iwájú bàtà rẹ̀, ọmọ ìka jáde síta bí adìyẹ tó yọjú lágò. A lọ.

Ọ̀gbẹ́ni Ọláídé wo bàtà náà pẹ́. "Bàtà ni mo bèèrè," ó ní. "N kò sọ pé kí ó ní imú. Ẹ wọkọ̀."

Abọ́lá ṣíná, ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kúlọ́ọ̀ṣì, ọkọ̀ fò sókè, ó sì kú. Mo di ojú mi. Ọkùnrin tí tíì kì í dà lẹ́yìn rẹ̀. Bàtà ti di àlejò fún un, kò mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀ mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Ọláídé kò kọ nǹkan kan sínú ìwé. "Ẹ má kánjú," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ yín mọ̀ ọ́n. Ẹ tún un ṣe." Ó tún un ṣe. Ó lọ, ó bọ̀, ó yí po láàárín àwọn àgbá tí wọ́n tò sórí pápá, ó fẹ̀yìn rìn, kò kan ọ̀kankan. Wọ́n fún un ní láísẹ́ńsì.

Ó kù ti ọkọ̀. Abọ́lá kò fẹ́ gbà á lọ́wọ́ Akínwándé, Àlàájà kò sì mọ bí òun ṣe máa sọ ọ́. Akínwándé fúnra rẹ̀ ló mú kọ́kọ́rọ́ wá. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbà mí," ó ní. "Jíjí ìdájí yìí ti sọ mí di àdán. Mo ti rí ẹni tó fẹ́ fún mi ní ọkọ̀ yanrìn. Yanrìn kì í jí kí ènìyàn tó jí." Àlàájà yáa gbé kọ́kọ́rọ́ lé Abọ́lá lọ́wọ́, kíá, kí ẹnikẹ́ni má baà yí ọkàn padà.

Mo wà nínú ọkọ̀ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e. Mo ní èmi fúnra mi ni màá sin ín lọ. Sájẹ́ńtì Táyọ̀ rí wa lókèèrè, ó sì ti ń gbé igi géètì sókè. Abọ́lá dúró. Ó na láísẹ́ńsì jáde.

"Ẹ máa lọ, Bàbá Ọmọ́yẹlé," ni Sájẹ́ńtì wí. "Ta ló ń bèèrè ìwé lọ́wọ́ yín?"

"Ẹ gbà á."

"Mo ní kí ẹ máa lọ. Ọkọ̀ ọ̀gágun ló wà lẹ́yìn yín yẹn."

"Mo rí i," ni Abọ́lá wí. Kò gbóhùn sókè. Ó pa iná ọkọ̀. "Sájẹ́ńtì, ẹ̀yin lẹ sọ pé ó ti kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Ẹ ka orúkọ, ẹ ka ọjọ́ tó máa parí."

Ọkọ̀ ẹ̀yìn fọn fèrè. Sájẹ́ńtì wo ọkọ̀ ọ̀gágun, ó wo Abọ́lá, ó wo bàtà tó là lẹ́nu lórí bíréèkì. Ó gba ìwé náà, ó tẹ́ ẹ sí ọwọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè, ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn, títí ó fi kà á tán.